Òṣùwọ̀n méjì ló sọ ọkọ̀ NASA nù: Bí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ọwọ́ púpọ̀ ṣe iṣẹ́ kan

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1999, àwọn òṣìṣẹ́ NASA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn nílùú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n ń retí ìró ọkọ̀ kan tí wọ́n rán lọ sí Máàsì. Máàsì yìí ni ayé pupa kan tó ń yí òòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé tiwa ṣe ń yí i po. Kò sí èèyàn nínú ọkọ̀ ọ̀hún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mars Climate Orbiter. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó máa pòòyì Máàsì, kó máa wo bí ojú ọjọ́ ṣe ń rí níbẹ̀, kó sì máa fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ wálé. Ó ti lo oṣù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí láti ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1998 ló ti gbéra ní ìpínlẹ̀ Florida.

Ọkọ̀ náà gba ẹ̀yìn Máàsì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó yọ sí òdì kejì, kò yọ. Wọ́n retí títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Dòní olónìí, kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Owó tó bá a lọ tó mílíọ̀nù 125 dọ́là.

Kì í ṣe pé iná sọ nínú rẹ̀, kì í ṣe pé àwọn tó kọ́ ọ kò mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ló wà nídìí rẹ̀ níhà méjèèjì. Ohun tó pa ọkọ̀ náà ni pé ikọ̀ méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn nǹkan kan náà, ìkínní kò sì mọ̀ pé ti ìkejì yàtọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ ara wọn lọ́gbọ́n, nítorí ó fi hàn pé níbi tí iṣẹ́ bá ti so kọ́ra, àárín ọwọ́ kan sí òmíràn ni ewu máa ń wà jù.

Kóńgò méjì nínú ọjà kan

Iléeṣẹ́ Lockheed Martin, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ló kọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn náà ló kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò agbára tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ara ọkọ̀ fi ń tì í, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn wọ́n láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Ètò náà á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ ikọ̀ atukọ̀ tó wà ní Pasadena. Iye yìí wà lára ohun tí àwọn atukọ̀ ń lò láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an lójú òfuurufú, nítorí kò sẹ́ni tó lè fojú rí i.

Ohun tó wà nínú àdéhùn ni pé òṣùwọ̀n Newton, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò, ni kí wọ́n fi kọ iye náà. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn, òṣùwọ̀n àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀, ni ètò Lockheed Martin fi kọ ọ́. Pọ́n-ùn kan sì tó Newton mẹ́rin àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gba iye náà kò bèèrè pé òṣùwọ̀n wo ni; bí wọ́n ṣe gbé e fún un ló ṣe gbà á. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń tajà bá wọn ogún garawa ìrẹsì, tí ẹni tó ń gbà á sì kọ ogún kóńgò sínú ìwé rẹ̀. Iye méjèèjì bára mu, ọjà méjèèjì kò bára mu. Àgbẹ̀ tó bá ti ta kòkó rí mọ ohun tí ìyàtọ̀ òṣùwọ̀n lè fà.

Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wọ̀nyí bá ti ọkọ̀, àwọn atukọ̀ rò pé wọn kò tì í tó bí wọ́n ṣe tì í. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan kéré, ṣùgbọ́n bí omi tó ń kán sínú ìkòkò ló ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà gba òkè Máàsì kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 226 sí ilẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ fi hàn pé kìlómítà 57 péré ló fi jìnnà sí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ náà kò lè yè é níbi tó bá rẹlẹ̀ ju kìlómítà 80 lọ.

Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé àwọn kan ti rí i. Ṣáájú kí ọkọ̀ náà tó dé ibi tó ń lọ, àwọn atukọ̀ kíyè sí i pé iye tó ń wọlé kò bá ohun tí àwọn ń rí mu. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n kọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà síra wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà tí àjọ náà là sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n á ti kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á sì máa tọpa rẹ̀ títí tó fi máa yanjú. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn wá di ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí, tí Arthur Stephenson jẹ́ alága rẹ̀, gbé àbọ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Wọn kò di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹni tó kọ pọ́n-ùn. Wọ́n ní àwọn ikọ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó. Wọ́n ní àwọn atukọ̀ kò pọ̀ tó, wọn kò sì mọ ìwà ọkọ̀ náà dáadáa. Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ kò rí àyẹ̀wò tó yẹ. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tó kọ iye ṣe tirẹ̀, ẹni tó gbà á ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ àárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ọwọ́ bá pọ̀ jù

Ètò kọ̀ǹpútà ni àṣẹ tí èèyàn kọ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Òun ló ń sọ fún fóònù bó ṣe máa dún, òun ló sì ń sọ fún báńkì iye tó kù nínú owó oníbàárà. Bí ètò bá kéré, ẹnì kan lè dá a kọ. Ti àwọn ètò ńlá kọjá bẹ́ẹ̀. Ìlà wọn máa ń wọ mílíọ̀nù, kò sì sí orí kan tó lè gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pín in. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí pé ohun tí ẹnì kan kọ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ohun tí ẹlòmíràn kọ.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí á mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà kò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri kí oníná tó gba páìpù rẹ̀ kọjá; káfíńtà kò sì lè gé férémù kó tó mọ bí ojú ilẹ̀kùn tí bíríkìlà fi sílẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ń rí ògiri tó bá wọ́. Ètò kọ̀ǹpútà lè wọ́ fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé ni Ọ̀gbẹ́ni Frederick Brooks. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1964, iléeṣẹ́ IBM nílẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń mú oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà jáde lábẹ́ orúkọ System/360, tí ẹ̀rọ ńlá àti kékeré inú wọn á lè máa lo ètò kan náà. Brooks ni olórí iṣẹ́ náà, òun ló sì tún darí àwọn tó ń kọ ètò ńlá tó máa mú àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún ṣiṣẹ́, ìyẹn OS/360. Iṣẹ́ yìí pẹ́ ju àdéhùn lọ. Wọ́n ń fi èèyàn kún èèyàn títí iye wọn fi lé ní 1,000, síbẹ̀ kò yá. Ó di ọdún 1966 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, àléébù sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Brooks fi IBM sílẹ̀, ó lọ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina. Nígbà tó fara balẹ̀ ro ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, ó kọ ìwé The Mythical Man-Month ní ọdún 1975, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń kà á títí di òní. Kókó rẹ̀ ni pé nígbà tí irú iṣẹ́ yìí bá ti pẹ́, ẹni tó bá tún kó èèyàn sí i ń dá a dúró ni. Èèyàn mẹ́wàá kò lè torí pé wọ́n jọ jókòó ti ìkòkò kan kí iṣu inú rẹ̀ tètè jinná.

Ìdí méjì pàtàkì ló wà fún un. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tuntun kò mọ iṣẹ́ náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì gbọ́dọ̀ pa tirẹ̀ tì láti kọ́ ọ. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń ṣe iṣẹ́ tó so kọ́ra, ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà tí wọ́n lè gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá di 10, ọ̀nà náà di 45. Bí wọ́n bá di 50, ó di 1,225. Kò ní í pẹ́ tí ìpàdé á fi gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ sì ni. Bí ogún èèyàn bá wá sí àáró, tí olúkúlùkù mú ìlà ebè tirẹ̀, oko á tètè parí, nítorí ẹni tó ń kọ ebè lápá òsì kò ní í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Irú iṣẹ́ tí Brooks ń sọ kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀ dà bí oko tí ebè kọ̀ọ̀kan ti ń dúró de òmíràn kó tó ṣeé kọ. Ọdún 2022 ni Brooks kú, lẹ́ni ọdún 91.

Ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, Melvin Conway, ti sọ ohun tó fara pẹ́ ẹ ní ọdún 1968. Ó ní bí àwọn tó ń kọ́ nǹkan bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ́ náà máa ń rí. Bí bàbá méjì nínú agbo ilé kan bá ń bá ara wọn yan odì, ojú ọ̀nà tó so yàrá wọn pọ̀ ni koríko máa ń hù sí. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ikọ̀ méjì tí kì í sọ̀rọ̀: apá tí ìkínní kọ àti apá tí ìkejì kọ kì í fẹ́ wọnú ara wọn.

Ẹgbẹ̀rún èèyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò pàdé rí

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, èèyàn lè bèèrè pé báwo wá ni iṣẹ́ ńlá kankan ṣe ń parí. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ètò tí wọ́n ń pè ní Linux. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki nílẹ̀ Fínláńdì, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì gbé e síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó tàbí tó fẹ́ tún un ṣe. Lónìí, gbogbo fóònù Android ló ní Linux nínú, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé ń lò. Ìlà rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 30. Nígbàkígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ọwọ́ àwọn tó ju 1,500 lọ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan ara wọn rí, àwọn mìíràn sì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá ara wọn du ọjà.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà túká ni pé gbogbo apá rẹ̀ ló ní alábòójútó, orúkọ wọn sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé kan tí gbogbo ayé lè kà. Ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà kò kàn ní í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó máa fi ránṣẹ́ sí alábòójútó apá náà pẹ̀lú àlàyé ìdí tó fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Alábòójútó á kà á, á gbà á tàbí á dá a padà. Èyí tó bá gbà, òun ló máa gbé e lọ síwájú, títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Torvalds. Bí ẹjọ́ ṣe máa ń ti ọ̀dọ̀ baálé dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí kó tó dé ààfin ni. Torvalds kò lè ka gbogbo rẹ̀. Àwọn tó fọkàn tán ló ń bá a kà á.

Ìkejì ni àkókò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ẹ̀dà tuntun máa ń jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gba ohun tuntun wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, àtúnṣe àléébù nìkan ni wọ́n á sì máa gbà títí ẹ̀dà náà á fi jáde. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ọjà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tíì dára kò ní í sáré gbé e wá, nítorí ó mọ̀ pé ọjà mìíràn ń bọ̀ láìpẹ́.

Ìkẹta ni ìwé ìrántí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ẹni tó ni ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn gba ọ̀fẹ́ tó ṣe wọ́n padà. Torvalds jókòó, ó kọ òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó pè é ní Git, ó sì fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́ lóṣù keje ọdún yẹn kan náà. Git máa ń rántí ẹni tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà, ọjọ́ tó yí i àti ìdí tó fi yí i. Bí ẹni méjì bá yí ìlà kan náà padà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní í dákẹ́, kò sì ní í dá yan ọ̀kan. Ó máa dúró kí èèyàn wá parí ìjà náà. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jákèjádò ayé ló ń lò ó báyìí.

Òfin kan tún wà tí Torvalds kì í fi ṣeré: ohun tuntun kò gbọdọ̀ ba ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aráàlú jẹ́. Ẹni tó bá bà á jẹ́ ló jẹ̀bi, bó ti wù kí àlàyé rẹ̀ dùn tó.

Ìpàdé orí ìdúró

Kì í ṣe gbogbo ikọ̀ ló tóbi tó ti Linux. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn àgbà oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà 17 pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò pé ó yẹ kí èèyàn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ṣe pàtàkì ju òkìtì ìwé ìlànà lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Scrum ti gbilẹ̀. Ikọ̀ kò ní í ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Lójoojúmọ́, wọ́n á ṣe ìpàdé ìṣẹ́jú 15, ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣe é lórí ìdúró kí ó má bàa gùn. Olúkúlùkù á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe kókó jù, nítorí ohun tó ń dí ẹnì kan lọ́wọ́ sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ̀.

Wọ́n tún kọ́ ẹ̀rọ láti máa so iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹnì kan bá ti gbé apá tirẹ̀ wá, kọ̀ǹpútà á so ó mọ́ ti àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀, á sì dán an wò. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Káfíńtà tó bá ń gbé ilẹ̀kùn wò lójú férémù lójoojúmọ́ kò ní í ríjà lọ́jọ́ ìṣílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, ewu náà ṣì wà. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, kọ̀ǹpútà dákú lójijì ní pápákọ̀ òfuurufú, ilé ìwòsàn àti báńkì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Iléeṣẹ́ Microsoft fojú bù ú pé ẹ̀rọ mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Àwọn arìnrìn-àjò sùn sí pápákọ̀, àwọn ilé ìwòsàn kan sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Iléeṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde, wọ́n ṣàlàyé pé apá kan nínú ètò wọn ń retí nǹkan 21, 20 péré sì ni apá kejì ń gbé wá. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nítorí títí di ọjọ́ náà kò sí ohun tó bèèrè ìkọkànlélógún. Ọjọ́ tí wọ́n bèèrè rẹ̀, ètò náà wá ohun tí kò sí, ó sì ṣubú. Ohun tó wá jẹ́ kí ó tàn ká ni pé gbogbo oníbàárà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa fi irú ẹ̀ síta, kí àwọn díẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn.

Ọdún 25 ló wà láàárín pọ́n-ùn àti Newton sí 20 àti 21, ibi kan náà ni méjèèjì sì ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye èèyàn tí wọ́n nílò. Wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè pé ta ló ni ojú ibi tí apá kan ti so mọ́ òmíràn, òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fẹnu kò sí, ta ló máa dán an wò lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó pọ̀, ibo sì ni ẹni tó bá rí àléébù máa kọ ọ́ sí tí ẹnì kan á fi dáhùn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń kó kòkó jọ lábúlé lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kí wọ́n tó gbé òṣùwọ̀n jáde, kò sì ní í pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.